Ta Ló Ti Gbá A Wò?

Hafsoh aránṣọ kì í ra ohun tí kò bá tíì wádìí. Géèmù bọ́ọ̀lù tó rà lọ́dún tó kọjá ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n: ó gbé e délé tán kó tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbá a. Qowiyy ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Nígbà tí géèmù eré ọkọ̀ tuntun dé, Hafsoh búra pé wọn ò ní rí òun mú mọ́.

Sàlàkọ́, tó ń ta géèmù lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Adó, sọ pé, "Àǹtí Hafsoh, ẹni méjì á jọ gbá a dáadáa."

Ta ni yóò ní ọbẹ̀ òun ò dùn? Hafsoh ṣí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gbọ́n Géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo èèyàn ń ka ohun tó bá kọ, sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó gbọ́ pé ìlú Ìyìn ni ọkùnrin náà ń gbé, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọkọ̀.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló bá níbẹ̀, Bàbá Olúwarótìmí; òun gan-an ni Ọ̀gbọ́n Géèmù.

"Wọ ulé, ọmọ mi."

Hafsoh wo pálọ̀ yíká. Rédíò nìkan ló rí.

"Bàbá, níbo lẹ ti ń gbá géèmù?"

"Èmi kẹ̀? Òyì máa ń kọ́ mi."

"Ta ló wá sọ fún yín pé ẹni méjì lè gbá ti ọkọ̀ yìí?"

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú ni mo bi. Sàlàkọ́, ní Ọjà Ọba."

Inú ń bí i, ẹ̀rín ń pa á. Ó padà sí Adó, ó bi Sàlàkọ́ níbi tó ti gbọ́ ọ.

"Ṣé ẹ ò kà á ni? Ọ̀gbọ́n Géèmù ló kọ ọ́!"

"Ẹ tú u, ká gbá a wò níbí."

Sàlàkọ́ kùn títí, ó fi í sẹ́rọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀, nítorí kò gbá ọ̀kankan rí nínú ohun tó ń tà.

Hafsoh pe Bàbá. Bàbá dúpẹ́, ó sì kọ òtítọ́ síta kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èébú làwọn tó ń kà á fi san án fún un. Wọ́n ní ó ti gba rìbá láti ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ bi í pé ṣé ó gbá géèmù rí láyé rẹ̀ ni.

Àánú rẹ̀ ṣe Hafsoh. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Bàbá pé ọwọ́ òun lòun fi gbá a.

Wọ́n ní níbo ló ti kà á.