Sípíríìn Tí Mùrí Gbé Wá

"Ẹ di nǹkan mú o!"

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu dírẹ́bà tí mọ́tò fi já sí kòtò. Baálé Oyèlẹ́yẹ fò kúrò lórí àga, orí rẹ̀ kan irin tó gbé òrùlé ró, fìlà rẹ̀ sì bọ́ sí ẹsẹ̀ Ràhámọ̀tù, ìyàwó rẹ̀ kékeré tó jókòó tì í. Nǹkan kan dún kán-ún lábẹ́ wọn. Mọ́tò dúró, ó fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ bí ẹṣin tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

Kí dírẹ́bà tó sọ̀kalẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, mọ́tò mìíràn yọ láti ọ̀nà Ilé-Ogbó. Mọ́tò Rájí ni. Kòtò kan náà ló gbà, ṣùgbọ́n ńṣe ló rọra rì, tó tún rọra gòkè bí ọkọ̀ ojú omi. Fìlà tó wà lórí Rájí kò tilẹ̀ mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o!" Rájí ti ní kí wọ́n dúró. "Ẹ jẹ́ kí n gbé yín délé."

"Má ṣèyọnu," ni Oyèlẹ́yẹ dá a lóhùn. "A kàn ní ká na ẹsẹ̀ díẹ̀ ni."

Rájí kí wọn pé ó dàbọ̀, ó lọ. Ràhámọ̀tù fi ojú sin eruku mọ́tò náà títí ó fi wọ ìlú.

"Èèyàn lè gbé àwo omi lé itan nínú mọ́tò Rájí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìní èrò ibi kankan lọ́kàn. "Kò ní dànù."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Oyèlẹ́yẹ ju irin tó gbá a lórí lọ. Ta ni Rájí? Ṣebí Rájí tó máa ń ru àpò kòkó òun lọ sí ìdí ọkọ̀ ojú irin nìyẹn, tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun kí àwọn ìyàwó òun tó bu oúnjẹ fún un? Òun ló kọ́ ọ bí a ti í fi etí mọ kòkó tó gbẹ dénú. Nígbà tí òun ra mọ́tò yìí lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé, àwọn tó ní mọ́tò ní gbogbo Ìwó kò kún ọwọ́ kan. Tí òun bá ń kọjá lọ, àwọn ọmọdé a máa sá tẹ̀ lé òun pẹ̀lú ariwo. Àwọn ọmọ náà ṣì ń sáré, àmọ́ ẹ̀yìn Rájí ni wọ́n ń sá tẹ̀ lé báyìí.

Ògúnbáyọ̀ alágbẹ̀dẹ ló ń bá a tún mọ́tò ṣe. Ọkọ́ àti àdá ni ó ń rọ tẹ́lẹ̀ kí mọ́tò tó dé ìlú, ojú àgbẹ̀dẹ náà ló sì ti kọ́ èyí tó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ mọ́tò, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, ó ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò.

"Baálé, ó ti tán." Ó nawọ́ sí àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò léra wọn, tó gbé ìdí mọ́tò ró, èyí tí àwọn dírẹ́bà ń pè ní sípíríìn. "Mo ti jó èyí pọ̀ tó ìgbà tó yẹ. Irin tó ti rẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Òmíràn ni kí ẹ wá."

Oyèlẹ́yẹ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ìdáhùn tó padà wá ni pé àwọn òyìnbó kò kó irú rẹ̀ wọ̀lú mọ́, mọ́tò náà ti di ti ayé àtijọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Tó bá gbúròó mọ́tò Rájí lẹ́yìn, yóò yà sí ojúlé tó bá sún mọ́ ọn jù lọ, yóò máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí wọn nínú ilé náà.

Ní àsìkò yìí, obìnrin kan, Morádéyọ̀, ń ṣe opó lọ́wọ́ nínú agboolé Oyèlẹ́yẹ. Àkànbí ọkọ rẹ̀ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó fi ọmọbìnrin kan, Ṣẹ̀fíátù, àti oko kòkó kan lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé tọkọtaya náà ló jọ ṣán igbó ibẹ̀. Nígbà tí ìbàdí Àkànbí sì kọ̀ tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, Morádéyọ̀ nìkan ló ń ru omi láti odò lọ bomi rin ọ̀gbìn kòkó ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ fìdáù, lójú àlùfáà àti gbogbo ẹbí, Oyèlẹ́yẹ tìkára rẹ̀ ló là á mọ́lẹ̀ pé, "Oko Àkànbí, ti ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá ọmọ ni yóò máa bójú tó o. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Mùrí, àbúrò Àkànbí tó ń tú àlòkù ọkọ̀ akẹ́rù tà ní Ìbàdàn, wà níbẹ̀. Òun náà ṣe àmín.

Mùrí yìí kan náà ló dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní kí wọ́n bá òun sọ ẹrù kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tú ẹnu àpò. Sípíríìn ni, òróró dúdú ṣì wà lára wọn.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń wá a, Bàbá. Ti ọkọ̀ akẹ́rù ni, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tó bá mọṣẹ́ á bá yín tún un gé. Ẹ má dárúkọ owó sí i rárá. Ọmọ yín ni mí."

"O ṣeun, Mùrí. O káre."

Mùrí kò dìde láti lọ. Ó ń fi èékánná ha òróró kúrò lára irin náà.

"Ọ̀rọ̀ oko ẹ̀gbọ́n mi yẹn náà, Bàbá. Obìnrin ni. Tó bá fẹ́ ọkọ síta lọ́la ńkọ́? Ṣé ará ìta ni yóò wá máa ká kòkó wa?"

Oyèlẹ́yẹ gbọ́ ọ. Ó sì mọ ohun tó yẹ kí òun sọ, nítorí ẹnu òun náà ló ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. Ó gbé ọwọ́ lé irin tó wà lókè pátápátá, ó tẹ̀ ẹ́, irin náà sì tì í lọ́wọ́ padà. Mọ́tò Rájí ló ń rí lọ́kàn, bó ṣe rọra rì sínú kòtò tó sì rọra gòkè.

"Gbé e lọ fún Ògúnbáyọ̀," ni ó wí.

Iṣẹ́ náà kò yá bí wọ́n ti rò. Wọ́n fi ìtì igi gbé mọ́tò sókè, Ògúnbáyọ̀ tú èyí tó kán, ó de tuntun mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yọ ìtì igi kúrò, ńṣe ni ìdí mọ́tò nà sókè, tí iwájú rẹ̀ dorí kodò bí ewúrẹ́ tó ń mumi. Dírẹ́bà wà á dé orígun ọ̀nà, ó wà á padà, ó sọ̀kalẹ̀, ó ń fọwọ́ di ìbàdí mú.

"Ó ń ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!"

"Ẹrù ló mọ́ ọn lára," ni Ògúnbáyọ̀ wí. "Ó rò pé abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lòun ṣì wà. Àfi kí n dín irin rẹ̀ kù, kí n sì tún un tẹ̀."

Ó tú u palẹ̀. Ó yọ àwọn irin kan kúrò, ó ki èyí tó kù bọ iná lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi pọ́n bí ẹyìn, ó fi ẹmú mú wọn, ó fi òòlù tẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀, ó sì rì wọ́n sínú àdín. Ó gé etí wọn tó gùn jù, ó tún ihò lu. Tó bá so wọ́n tán, yóò fi ọwọ́ ọ̀pẹ wọn ìdí mọ́tò láti ilẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Tí wọn kò bá dọ́gba, yóò tún tú u. Ojoojúmọ́ ni Oyèlẹ́yẹ ń gbé àpótí lọ jókòó tì í. Mùrí náà ń wá. Òun ló ń bá wọn di irin mú.

Níbi tí wọ́n wà bẹ́ẹ̀ ni Morádéyọ̀ dé lọ́jọ́ kan, tòun ti Ṣẹ̀fíátù, wọ́n ń ti oko bọ̀. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Baálé, ó kí alágbẹ̀dẹ. Ìgbà náà ló rí ẹni tó wà lẹ́yìn mọ́tò.

"Háà, ọkọ mi, ẹ ti dé láti Ìbàdàn? Ẹ ò tiẹ̀ yà kí ọmọ yín."

"Mò ń bọ̀," ni Mùrí fèsì. Kò gbójú sókè.

Morádéyọ̀ wo irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àpò tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo Baálé.

"Sípíríìn yìí mà dára o, Bàbá. Ta ló bá yín rà á?"

Oyèlẹ́yẹ ń wo ìdí mọ́tò bí ẹni tí ìbéèrè náà kò kàn. Morádéyọ̀ dúró díẹ̀ sí i, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ karí, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò tún kúnlẹ̀ kó tó lọ.

Ògúnbáyọ̀ ti gbé òòlù dúró lókè. Ó mọ Àkànbí dáadáa.

"Baálé, ṣé kí n máa bá a lọ?"

"Kí ló dá ọ dúró?"

Alágbẹ̀dẹ náà wo iná, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń fẹ́ ẹwìrì. Ó fi òòlù lu irin, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ parí ni Oyèlẹ́yẹ pe ẹbí Àkànbí jọ sí àgbàlá. Ó ní òun ti tún ọ̀rọ̀ náà rò. Obìnrin kì í jogún oko ọkọ. Mùrí ni yóò gba oko. Tí Morádéyọ̀ bá gbà kí Mùrí ṣú òun lópó, kó máa gbé nínú yàrá rẹ̀; tí kò bá gbà, kó padà sí ilé bàbá rẹ̀.

"Bàbá," Morádéyọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀, "ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ fìdáù pé ti ọmọ ni."

"Mo ti tún un rò."

"Kí ló yí padà látìgbà náà? Ṣé Àkànbí tún kú ni?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára pa á mọ́nu. Àlùfáà wúkọ́. "Baálé, ọmọbìnrin náà ní ìpín nínú ogún bàbá rẹ̀. Bí Ọlọ́run ti pín in nì..."

"Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, àkókò ìrun ti ń tó."

Àlùfáà wo ojú oòrùn. Ìrun kò tíì tó. Síbẹ̀, ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.

"Mi ò fẹ́ Mùrí," ni Morádéyọ̀ wí. Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù, ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Oyèlẹ́yẹ gbé mọ́tò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ti ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Gbogbo kòtò tó mọ̀ ní ojú ọ̀nà ni ó ní kí dírẹ́bà gbà, mọ́tò náà kò sì ta. Ohun tó ń retí ni ojú Rájí. Ó fẹ́ rí i kí ó rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí Rájí náà mọ bí ìlara ṣe ń jó ni nínú.

Rájí jáde láti ibi ìrun, ó rí mọ́tò, ó sì sáré wá. Ó ká agbádá rẹ̀, ó lóṣòó, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dìde, inú rẹ̀ dùn dénú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire! Iṣẹ́ gidi ni. Kò sóhun tó kù bí kò ṣe táyà." Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo èrò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò tirẹ̀ lọ.

Oyèlẹ́yẹ dúró síbẹ̀. Kò rí nǹkankan tó jọ ìlara lójú ọmọkùnrin náà, kò sì mọ ohun tí òun lè rà tí yóò fi í síbẹ̀. Ó wo táyà rẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n ti dán bí orí apárí.

Nígbà tí kòkó pọ́n, ó lọ ra kòkó ní Olúpọ̀nnà. Lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn alágbàṣe jókòó yí òkìtì kòkó ká nínú oko Mùrí, wọ́n ń fọ́ ọ. Ó dá Morádéyọ̀ mọ̀ láàárín wọn. Ṣẹ̀fíátù jókòó tì í, ó ń yọ hóró kòkó sínú ewé. Bàbá Morádéyọ̀ ti kú tipẹ́, kò sí yàrá fún un nílé bàbá. Ibi tó ti mọ iṣẹ́ ṣe ni ó padà sí. Ó gbójú sókè.

"Ẹ kú ọ̀nà, Bàbá."

Ohùn rẹ̀ kò korò. Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí a kò mọ̀ rí ni ó ṣe kí i. Oyèlẹ́yẹ ní kí dírẹ́bà sáré díẹ̀ sí i. Mọ́tò náà ń lọ wẹ́rẹ́, kò ta, kò ké.

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan láti apá kejì agboolé náà ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé táyà kan ti ògiri. Àwọn ọmọkùnrin Oyèlẹ́yẹ, tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n ju Ràhámọ̀tù lọ lọ́jọ́ orí, yí táyà náà ká, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, wọ́n ní táyà ló kù." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìyàwó kékeré tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo bá wá. Kò fẹ́ kúrò nínú ilé."

Ràhámọ̀tù ń gbé omi bọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó dúró lójú kan. Ó wo táyà, ó wo àwọn ọmọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rọra yí padà tòun ti omi rẹ̀, ó wọ yàrá, Oyèlẹ́yẹ sì gbọ́ bó ti ń ti ìlẹ̀kùn.

Ó fẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára táyà. Ó tutù, ó le, ilà ara rẹ̀ jìn, kò tíì pa rẹ́ níbì kankan. Ti Rájí kò dára tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ẹyọ kan péré lo rí?" ó béèrè.