Ìka Alága Nínú Ata Kimchi

Lọ́dún tí kòrónà ti gbogbo ilé oúnjẹ pa ní Mokpo, ní ilẹ̀ Kòríà, ilé ìdáná Pillyeo nìkan ló ṣì ń bọ́ àwọn arúgbó tó ń dá gbé. Ìmọ́tótó obìnrin yìí, bí eṣinṣin bá fẹ́ wọlé, á kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀. Ìjọba ti kìlọ̀ fún un: bí ẹnì kan bá kó àrùn níbẹ̀, wọ́n á tì í pa. Ebi ló kù tó máa pa àwọn arúgbó nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe kimchi, kábéèjì aláta tí wọ́n ń kó pamọ́ fún ìgbà òtútù, kábéèjì tí wọ́n ti rẹ sínú iyọ̀ ga ju òrùlé lọ. Pillyeo ti po ata, aáyù àti edé pọ̀ sínú bàsíà kan tí màlúù lè wẹ̀ nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni Alága Maeng, olórí àdúgbò tó fi kábéèjì tọrẹ, ti wọlé pẹ̀lú ayàwòrán.

Ó fa ìbòmú wálẹ̀ sí àgbọ̀n. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Ó ti ìka bọ ata, ìka tó ki bí iṣu, èékánná ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó lá a, ó tún tì í bọ ibẹ̀ padà. Ó wúkọ́, itọ́ fọ́n sínú bàsíà bí òjò.

"Ìyá, ata yín ò ta tó," Alága wí. "Bàbá Tak, ẹ lanu, ká ya fọ́tò."

Ó fi ìka kan náà wé ewé kábéèjì kan mọ́ ata. Bí wọ́n bá ń ṣe kimchi, wọ́n máa ń fi ewé àkọ́kọ́ sí ara wọn lẹ́nu ni. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ó rí ẹni tó fún un fín. Bàbá Tak, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tí Pillyeo ń bọ́, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, àyà ẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà. Ó yọ ìbòmú, ó lanu.

Pillyeo já ewé náà gbà, ó tì í bọ Alága fúnra ẹ̀ lẹ́nu.

"Ẹni tó tọ́ ọ wò ló ni ín, Alága wa. Ẹ gbé ìpín yín lọ."

"Ìpín wo?"

"Bàsíà yẹn."

"Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Ìyá, mo kàn tọ́ ọ wò ni."

"Itọ́ yín ló wà níbẹ̀. Ta lẹ fẹ́ kó bá yín jẹ ẹ́?"

Ayàwòrán ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń yà á lọ. Alága gbé bàsíà jáde, ata ń kán sí ṣòkòtò funfun ẹ̀.

Ata ti tán nílé. Iyọ̀, aáyù àti atalẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ṣe ìyókù, ó funfun báláú. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín in, Bàbá Tak pè é lórí fóònù.

"Pillyeo, kimchi yìí dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀."

"Ẹ fara mọ́ ọn, Bàbá. Omi ẹsẹ̀ sàn ju itọ́ Alága lọ."