Jẹnẹrétọ̀ Tó Há Sókè

Láti ọjọ́ tí Teslim ti gbé kíréènì lé ẹ̀yìn ọkọ̀ sójà yẹn ni ìsinmi ti fò ó ru. Wẹ́dà tó ń jó irin ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Rumuokwurushi, létí East-West Road, níbi tí eruku kì í ti í jẹ́ kí èèyàn mọ àwọ̀ aṣọ tó wọ̀. Àwọn sójà ti lo ọkọ̀ náà gbó kí wọ́n tó tà á ní gbàǹjo. Kíréènì ní tirẹ̀ wá láti Onne, láàárín àwọn irin tí wọ́n dà sẹ́yìn ọgbà ilé iṣẹ́ kan. Èrò Teslim kò lọ́jú pọ̀: ìlú tí òjò ti ń rọ̀ bí ti Port Harcourt, ẹni tó bá ní kíréènì tó lè wọ ẹrọ̀fọ̀ jáde kò ní wáṣẹ́ tì.

Wahab ló bá a dáwọ́ lé e. Ará Kwara ni, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ju Teslim lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, nítorí náà "ẹ̀gbọ́n" ni Teslim ń pè é, kódà bí inú bá ń bí i.

Inú sì ń bí i lemọ́lemọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ so pọ́ńpù tó ń ti ọ́ìlì lọ sínú kíréènì mọ́ gíàbọ́ọ̀sì, òdì ni pọ́ńpù ń yí. Ariwo lásán ló ń pa, ọ́ìlì kò gòkè. Wọ́n tú u, wọ́n yí i padà. Ọ́ìlì wá gòkè, hóòsì kan bẹ́, ó sì fi ọ́ìlì wẹ Wahab láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ hóòsì. Lẹ́yìn náà ni irin abẹ́ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán níbi tí Teslim ti jó kíréènì mọ́ ọn. Irin ọkọ̀ sójà a máa lọ́ díẹ̀ bó bá ń gba ọ̀nà gbágungbàgun. Ohun tí èèyàn bá jó mọ́ ọn gbagidi kò ní jẹ́ kó ráyè lọ́. Teslim gé gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tẹ́ irin mìíràn sábẹ́ kíréènì, ó sì fi bóòtù àti sípíríǹgì dè é. Memunat, ìyàwó rẹ̀, ní kò dá òun lójú mọ́ ẹni tí ọkọ òun gbé níyàwó, bóyá òun ni tàbí ọkọ̀ sójà.

Iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ wá láti àdúgbò Woji. Jẹnẹrétọ̀ Alhaja Fàrídà, tó ń ta ẹja yìnyín, ló kú. Ó ti ra òmíràn, ṣùgbọ́n ẹnu géètì rẹ̀ há, orí fẹ́ǹsì ló kù tí wọ́n lè gbé e gbà. Iná ìjọba kò sí.

"Teslim, ẹ ṣe é kíá o. Ẹja mi ti ń yọ́."

"Kò ní pẹ́, Alhaja."

Wọ́n na ẹsẹ̀ irin méjèèjì tó ń gbé ọkọ̀ dúró sílẹ̀, wọ́n sì fi pákó tẹ́ abẹ́ wọn kí wọ́n má baà rì. Wahab fi ẹ̀wọ̀n de jẹnẹrétọ̀. Teslim fa ọwọ́ irin tó ń darí kíréènì, ẹrù náà sì gbéra nílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ fò fáyọ̀. Ó gbé e kọjá orí fẹ́ǹsì, ó ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ku ohun tó tó ìbàdí èèyàn kó kanlẹ̀, ni nǹkan bá ró gbàì lábẹ́ ọkọ̀.

Kíréènì dúró. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Teslim ti ọwọ́ irin síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan.

Wahab wọ abẹ́ ọkọ̀. "Ọ̀pá tó ń yí pọ́ńpù ti kán."

"Ó kán? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó lágbára, ẹ̀gbọ́n!"

"Ta ló jó o?"

Ọlọ́kadà kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Oga, na generator una dey spread for sun so?"

Alhaja Fàrídà jáde, ó wo òkè, ó wo Teslim. "Ṣé mo ní kẹ́ ẹ bá mi sá a bí aṣọ ni?"

Ó ṣe Teslim bíi kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó mú sípánà, ó ní òun á tú ẹnu hóòsì díẹ̀ kí ọ́ìlì máa jò, kí ẹrù lè máa bọ̀ wálẹ̀. Wahab di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fáàfù tó dá ọ́ìlì dúró níbẹ̀ nìkan ló di ẹrù mú. Bó o bá tú u, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹrù máa já lulẹ̀."

"Kí la wá fẹ́ ṣe? Ká máa wò ó?"

Wọ́n jókòó ti ara wọn. Nígbà tó yá, Teslim rí i pé ẹ̀ẹ̀kan náà làwọn méjèèjì ń wo ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, èyí tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Wọ́n dìde. Wọ́n yá igi ńláńlá níbẹ̀, wọ́n ń fi igi gígùn tì wọ́n wọ abẹ́ jẹnẹrétọ̀, ọ̀kan níbùú, ọ̀kan lóròó, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọrí síbẹ̀. Nígbà tí igi kàn án, wọ́n fi jáàkì gbé e díẹ̀ títí ẹ̀wọ̀n fi dẹ̀, wọ́n sì tú u. Wọ́n wá ń yọ igi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi jáàkì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwọ̀n ìka mélòó kan. Òjò dé bá wọn lẹ́nu ẹ̀, ó sì rọ̀ lé wọn lórí. Kí oòrùn tó wọ̀, jẹnẹrétọ̀ ti kanlẹ̀, ó ń dún, ṣùgbọ́n Alhaja ti ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja pé kí wọ́n wá kó èyí tó ti yọ́.

"Alhaja, ẹ má bínú," ni Teslim wí.

"Ẹ gbé nǹkan yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

Kò ṣeé gbé. Apá kíréènì ṣì nà sórí fẹ́ǹsì, láìsí pọ́ńpù kò sì lè ká. Ibẹ̀ ló sùn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ọ̀pá tuntun tí wọ́n gbẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi wá, èyí tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n dè é nínú ẹrọ̀fọ̀, apá náà sì ká wálẹ̀ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Bí Alhaja ti rí i, ó na ọwọ́ sí jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ tó kú.

"Ẹ kúkú bá mi gbé ìyẹn jáde."

Ó ń ṣe Teslim bíi kó gbà. Ó mirí. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lọ fi irin dán kíréènì wò ní ṣọ́ọ̀bù."

Alhaja pòṣé, ó wọlé lọ.

Ní Rumuokwurushi, ẹ́ńjìnì àlòkù ni wọ́n ń gbé sókè, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, títí tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ìtòsí fi ń bi wọ́n bóyá ara wọn dá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n padà sí Woji. Jẹnẹrétọ̀ tó kú náà gbéra, ó rékọjá fẹ́ǹsì, ó sì gúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ láìmi. Teslim bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó rí i. Alhaja wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá yìnyín, ó ń bá oníbàárà kan fa ọ̀rọ̀ owó ẹja, kò gbójú sókè.

"Obìnrin yìí ò tilẹ̀ wò ó," ni Teslim fi ìbínú wí.

"Ẹni tí ń tajà ni, ọjà rẹ̀ ló ń wò," ni Wahab fèsì, ó sì ṣíná ọkọ̀.