Ẹja Tí Samira Fi Sílẹ̀

Nígbà tí Samira kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Bingerville, ó kó aṣọ, ó kó ìkòkò, ó kó ìwé tó fi ń kọ́ àwọn ọmọléèwé. Ẹja rẹ̀ nìkan ni kò rí gbé. Ẹja kékeré ni, olórí ńlá, tó ní tótòtó dúdú lára, irú èyí tó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Òun nìkan ló ń gbé inú àpótí gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, torí bó bá rí ẹja mìíràn, bíbù ni yóò máa bù ú jẹ.

Amidou, ọkọ Samira, kò mọ nǹkan kan nípa ẹja. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ ike ní Yopougon ló wà. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà, á tan tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ parí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ lójú Samira. Wọn kò bímọ, wọn kò sì jà. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà ń lọ, ohun tó sọ kò ju, "Amidou, ó ti rẹ̀ mí."

Nírọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, bí ojú ọjọ́ ṣe ń ṣú, Amidou rí ẹja náà nísàlẹ̀ omi. Ó fi ikùn lé iyanrìn, ó ká ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú sí i, ojú rẹ̀ sì pádé díẹ̀. Amidou rò pé ó ti kú. Ó kan gíláàsì. Ẹja ta gìrì, ó sá lọ sí igun. Oorun lásán ló ń sùn.

"Pardon," ni Amidou wí. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn.

Búrẹ́dì ló ń fún un jẹ. Nígbà tó di oṣù kejì, ẹja náà á sáré wá sídìí oúnjẹ, á gbìyànjú, á sì yí padà láìjẹ ẹ́. Nígbà tí èyí di ọjọ́ mẹ́ta, Amidou pe Samira.

"Allô? Ẹja rẹ kò jẹun mọ́."

"Kí lo ń fún un?"

"Búrẹ́dì."

"Háà! Eyín rẹ̀ kì í yé hù. Bí kò bá rí ohun líle fọ́ lẹ́nu, á gùn débi tí kò ní lè jẹun mọ́. Lọ ra ìṣáwùrú wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ta ẹja náà fún mi. Kọ́kọ́ bá a fọ́ ìkarahun rẹ̀."

"D'accord, mo ti gbọ́." Ó fẹ́ béèrè bí ara Samira ṣe rí, ẹnu rẹ̀ kò gbé e. Ó ní, "Kí ló tiẹ̀ mú kó o rà á?"

"Torí pé bí mo bá wọlé, ó máa ń wá pàdé mi."

Amidou gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ bàtà, ó lọ ra ìṣáwùrú.

Ìṣáwùrú ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń gbọ́ bí ẹja ṣe ń fọ́ ìkarahun kẹ́ú, kẹ́ú. Láti ìgbà náà, kò tan tẹlifíṣọ̀n mọ́ bó bá dé. Á jókòó síwájú gíláàsì, á ròyìn ẹ̀rọ tó bàjẹ́ níbi iṣẹ́, títí ẹja á fi sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn.

Lọ́sàn-án Sunday kan, Samira gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá. "Mo wá mú un."

Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí. Ọ̀dọ̀ Amidou ni ẹja wẹ̀ lọ. Samira rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀.

"Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ ló mọ̀. Jẹ́ kó máa bá ọ gbé."

"Dúró jẹun, Samira."

"Màmá ń retí mi."

Amidou sìn ín lọ síbi tí gbàká, bọ́ọ̀sì kékeré, ti ń gbérò. Lójú ọ̀nà ló sọ ọ́: "Kò yẹ kí n máa wọlé bá ọ bí ẹni wọ ilé òfo. Dárí jì mí."

Samira dúró. "Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó lọ. Àmọ́ mi ò padà mọ́, Amidou. Ọkàn mi ti balẹ̀ lọ́hùn-ún."

Gbàká dé. Ó bá a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo sókè. Obìnrin náà juwọ́ lójú fèrèsé, Amidou sì dúró lẹ́bàá títì, ó ń wo ọkọ̀ náà títí ó fi wọ àárín àwọn yòókù, tí kò mọ èyí tó gbé e lọ mọ́.