Iye Àwọn Tó Kú Ní Ọsibítù

"O ò ní lọ sí ọsibítù yẹn, Kíkẹ́lọmọ. Mi ò gbà."

Silas na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn ní àdúgbò Logbaba. Lórí ibùsùn, ìyàwó rẹ̀ di orí mú. Oyún oṣù kẹsàn-án ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé sálúbàtà ò gbà á mọ́, ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì láti àárọ̀.

"Kí lẹ rí?"

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ iye àwọn tó kú lánàá." Silas ló ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé fún dókítà òyìnbó kan tó ń ṣèwádìí lórí ìbímọ. "Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó bímọ ní ọsibítù lọ́dún 1968, mẹ́fà ló kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bí sílé, méjì péré. Ọsibítù ló ń pa wọ́n! Jẹ́ kí n lọ pe ìyá agbẹ̀bí."

Mẹ́fà. Kíkẹ́lọmọ fojú inú rí ara rẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun bí òkú. Lẹ́yìn náà ló rántí Rọ̀kíbátù, tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní ọjà Marché Congo.

"Rọ̀kíbátù ńkọ́? Ibo ni wọ́n kà á sí?"

"Ọsibítù ló kú sí."

"Ọjọ́ méjì ló fi rọbí nílé ní Yassa, lẹ́yìn ìlú! Ìgbà tí apá agbẹ̀bí ò ká a mọ́ ni wọ́n tó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Kò lò tó wákàtí kan ní ọsibítù tó fi kú. Ta ló wá pa á?"

Silas ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwọn tára wọn le ló ń bí sílé. Àwọn tọ́ràn wọn ti bàjẹ́ ni wọ́n ń gbé lọ. Ṣé dókítà yín béèrè bí ara wọn ṣe rí kí wọ́n tó débẹ̀?"

"Kò... mi ò tẹ irú ẹ̀."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà." Ó rọra gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti orí ibùsùn. "Mo lè kú síbẹ̀ o. Àmọ́ mi ò rí ojú yín dáadáa mọ́. Ẹ bá mi wá tásì."

Ọwọ́ Silas já wálẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì tì í wọlé kíákíá. Nọ́ọ̀sì kan ṣí ìwé ńlá, ó fi Faransé béèrè orúkọ aláìsàn. Silas wo ìwé náà. Ó rí àgbélébùú pupa níwájú orúkọ àwọn tó ti kú. Ó ṣe é bíi kó sáré wọlé, kó fa ìyàwó rẹ̀ jáde.

"Kíkẹ́lọmọ," ló wí nígbẹ̀yìn, ó sì pe orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, títí nọ́ọ̀sì fi kọ ọ́ tán.