Ẹ̀jẹ̀ Tí Ìyá Yankho Fi Sáyà

Kí dókítà tó padà sí Thyolo nírọ̀lẹ́ yìí, mo gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí, Yankho, ló ní àléébù, àbí ìyá rẹ̀ ló bà á jẹ́...

Ìgò omi ẹ̀jẹ̀ Yankho nìyí, omi tó là sórí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí mo dà sínú rẹ̀ ò bẹ́. Ó sùn sísàlẹ̀ roboto bíi bọ́tìnnì, omi orí rẹ̀ mọ́ gaara. Èyí tí mo fi omi ẹ̀jẹ̀ tèmi tó wà lórí yìnyín ṣe ti bẹ́ tán, ó ti di omi pupa, mò ń rí ìka mi lódìkejì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Níbi tá a ti ń fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò yìí ni ọ̀gá mi, Bàbá Kamwendo, ti kọ́ mi. "Ẹ̀ṣọ́ wà nínú omi ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á so mọ́ kòkòrò, ọ̀kan á pe èkejì. Àwọn tó kẹ́yìn á dira wọn lọ́wọ́ mú yíká, wọ́n á dá awọ rẹ̀ lu. Omi á ya wọlé. Kòkòrò á wú, á bẹ́." Nínú ìgò, ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ló ń dúró fún kòkòrò. Tí èyí tó kẹ́yìn ò bá wá ńkọ́... àwọn yòókù á kàn pé jọ sẹ́nu ọ̀nà lásán.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí àìsàn awọ ọpọlọ, ọlọ́rùn-líle yìí, ń gbé ọmọ náà dè. Etí òsì ò gbọ́ràn mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyá yẹn — ní Thyolo, wọ́n ní kó gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà sórí yìnyín wá fún wa. Ó tú aṣọ àyà rẹ̀ níwájú mi, ó yọ ìgò náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Ẹ má bínú, àǹtí. Yìnyín kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni. Ẹ ò rí òjò tó ń ṣẹ́ nínú òtútù yìí ni?" Ooru sì lè pa àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn. Tí mo bá ní ó bàjẹ́, wọ́n á ní kí ọmọ ṣì máa lọ sílé, àìsàn ò sì ní dúró dè wá. Tí mo bá ní kò bàjẹ́, tó sì bàjẹ́... abẹ́rẹ́ adènà-àìsàn lóṣooṣù, títí ayé, lórí asán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fa ìgò ẹ̀jẹ̀ tèmi kejì láàárọ̀, tí mo fi í sáyà bíi tìyá yẹn. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí ọkọ̀ ṣe ń pẹ́ láti Thyolo débí lọ.

"Lusungu, o ti ń sàba? Ìgbà wo lo máa pamọ?" Bàbá Kamwendo ti rí bí mo ṣe di àyà mú.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá. Ẹyin kan péré ni."

Mo fẹ́ kó bàjẹ́. Kí n má purọ́ fúnra mi... mo fẹ́ kó jẹ́ ooru. Kó jẹ́ pé ìyá ló ṣàṣìṣe, kára ọmọ le.

Ó tó àkókò báyìí. Mo gbé ìgò kejì tèmi, tí mo ti da ẹ̀jẹ̀ àgùntàn sí, sójú fèrèsé.

Pupa.

Ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀, bí eruku — ooru ti jẹ nínú agbára àwọn ẹ̀ṣọ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ti bẹ́. Tọmọ náà... ẹyọ kan ò bẹ́.

Ìyá yẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Látàárọ̀ ni mo ti ń wá ẹlẹ́bi, torí pé ẹlẹ́bi ṣeé dárí jì. Ta ni mo fẹ́ dárí jì báyìí?

Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ni ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ Yankho. Wọ́n á máa gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Ìyá rẹ̀ wà níta, kò tíì gbọ́.