Ẹni Tí Kò Ṣeé Pè Ní Òpùrọ́

"Nọ́ọ̀sì ni olè!" Bí Màámi ṣe wí báyìí tán, wọ́n gbé ife omi wọn, wọ́n ń mu ún bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Eré ni o, ẹ má bẹ̀rù. Mẹ́rin ni wọ́n jókòó yí tábìlì ká: Màámi, Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ tó jẹ́ àkọ́bí, Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e, àti àbígbẹ̀yìn, obìnrin tó ń tún iná mànàmáná ṣe, tí gbogbo ilé ń pè ní Oníná. Bí òjò bá sé wọn mọ́lé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, eré yìí ni Màámi máa ń bá wọn ṣe. Wọ́n á ká bébà mẹ́rin, àmì á wà nínú ẹyọ kan péré. Ẹni tí àmì bá bọ́ sí lọ́wọ́ ni olè, olè nìkan ló sì lè purọ́. Àwọn méjì tó dàgbà jù á yọjú wo bébà ẹnì kan, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ á tọ́ka olè, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ṣùgbọ́n tòní kì í ṣe eré lásán. Láti ìgbà tí Bàámi ti kú ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń bẹ Màámi kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Màámi ò gbà. "Ara mi le. Oorun fọnfọn ni mo ń sùn nílé mi." Nígbà tí àròyé wá pọ̀ jù, Màámi ní ẹni tó bá mú olè ni àwọn máa bá lọ. Bí kò bá sí ẹni tó mú un, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Oníná ò retí pé òun á mú ẹnikẹ́ni. Òun ṣáà ni wọ́n máa ń tàn jẹ. Bọ̀ọ̀dá sọ fún un rí pé tí èèyàn bá gbin bọ́tìnnì, ẹ̀wù á hù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi bomi rin ín.

"Ti Nọ́ọ̀sì lèmi náà wò," Bọ̀ọ̀dá wí, ó ń họ orí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àbí mi ò wò ó dáadáa ni? Màámi ò ṣáà lè purọ́. Oníná tó dákẹ́ yẹn ni!"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń wo bébà tirẹ̀, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni pé àmì lè ṣàdédé yọ níbẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ni. Ta ni mo fẹ́ pè lólè? Ṣé Màámi ni?"

Oníná fojú iṣẹ́ rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Bí iná ilé kan bá kú, kì í wo ojú onílé. Á mú wáyà kan, á ní: ká ní ìwọ lo bàjẹ́, ṣé àwọn tó kù á máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe yìí? Ó dáa. Ká ní Nọ́ọ̀sì ni olè, a jẹ́ pé Bọ̀ọ̀dá tí kì í ṣe olè purọ́. Kò bọ́ sí i. Ká ní Bọ̀ọ̀dá ni, ọwọ́ rẹ̀ ni àmì wà, kí wá ni Màámi rí lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì? Àmì kan ṣoṣo ló wà. Òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ pé òun kọ́.

Ó wá ku Màámi. Ta ló ń wojú ìyá rẹ̀ kó ní irọ́ ló pa? Ó kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ forí jì mí o. Irọ́ lẹ pa. Ẹ̀yin ni olè."

"Oníná!" Bọ̀ọ̀dá jágbe mọ́ ọn. "Ṣé orí ẹ pé?"

Màámi ṣí bébà wọn: àmì rèé, gbàgàdà! Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Oníná fò sókè. "Mo mú wọn! Èmi tí mo gbin bọ́tìnnì!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dì mọ́ Bọ̀ọ̀dá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú u tán.

"Lọ gbé báàgì mi," Màámi wí. "Ó wà ní yàrá."

Iná yàrá ń tàn lọ́sàn-án gangan. Àga méjì ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Báàgì náà ti kún, wọ́n ti fi okùn dì í, eruku sì ti bo orí rẹ̀. Oníná dúró síbẹ̀. Oorun fọnfọn, Màámi? Omi lé sí i lójú. Ó fi gèlè rẹ̀ nu eruku náà, ó sì pa iná.

"Màámi, ṣé ẹ ti múra tán?"

"Ó ti pẹ́," ni Màámi dáhùn láti pálọ̀.

Èyí, Oníná gbà á gbọ́.